Ojú Ló Kù

Aago márùn-ún ìdájí. Òkè-Baálẹ̀ ṣì ń hanrun.
Mo ti wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ páànù tó ń jò,
èmi àti ìtì igi ìrè tí mo rà lọ́wọ́ agégi kan ní Ìkìrun
lọ́dún tí a bí Ìbíwùmí.
Ìbíwùmí ti wọ yunifásítì.
Igi ò tíì di ènìyàn tán.

Tó bá di aago méje, mo gbọn èérún igi kúrò lórí,
mo dé akoto funfun, mo di Ẹnjiníà Oyèwùsì.
Mo wọn omi, mo wọn òkúta,
mo wọn iye ẹrù tí afárá lè gbé kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀.
Ìṣirò kì í ṣojúsàájú:
bí o bá ṣì í pẹ́nrẹ́n, ẹlòmíràn ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bá mi létí odò
níbi tí mo ti ń fi amọ̀ mọ ẹṣin.
Ẹṣin náà ní ẹsẹ̀ márùn-ún.
Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ láti ka nǹkan?"
Ó rẹ́rìn-ín títí, kò wó o.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí lẹ́tà Pólì Ìbàdàn dé,
ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó lé eku méjì á pòfo."
Mo dákẹ́.
Ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ jiyàn lọ́jọ́ tó ta aṣọ òkè
torí owó ilé-ìwé?
Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń wá èsì ọ̀rọ̀ náà.
Ìyá mi, ihò kan náà làwọn eku méjèèjì wọ̀.

Òun ni mò ń gbẹ́.
Mo ti gbẹ́ èjìká rẹ̀, èyí tí garawa omi tẹ̀ sí òsì,
mo gbẹ́ ìdì gèlè,
mo gbẹ́ ìka ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án àti ààbọ̀;
ọkọ́ ló jẹ ààbọ̀ tó kù.
Moradéùn yọjú lójú fèrèsé:
"Ṣé ìyá ò sọ pé òun fẹ́ sùn ni?"
Ó gbé tíì kalẹ̀ sórí àpótí, ó wọlé.
Tíì tutù. Ó máa ń tutù.

Ọyẹ́ èṣí ló ṣe é.
Mo ti Ẹdẹ dé, lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá nídìí ẹ̀rọ omi tó dákú,
mo bá igi tó ti sán láti àtàrí dé àyà.
Ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.
Igi kì í dúró de ẹnjiníà.
Bí ọyẹ́ bá pè é, á jẹ́.

Ọ̀sán ni orí mi tó pé.
Mo wọn àlàfo náà bí mo ti ń wọn ibi tí afárá bá sán.
Làmídì alágbẹ̀dẹ, ní Ìgbóǹnà, bá mi gé bóòtù mẹ́ta.
Mo lu ihò sára ìyá mi, mo ti irin bọ̀ ọ́,
mo fi sípánà fún un, díẹ̀, díẹ̀,
igi ń ké, mo ń bẹ̀ ẹ́,
títí ẹnu egbò fi pa dé.
Mi ò kùn ún. Mi ò fi nǹkan kan bò ó.
Ẹni tó bá fẹ́ rí irin, kó rí irin.

Ojú ló kù.
Lánàá, mo mú ọ̀bẹ tó kéré jù,
mo mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Òjò dé. Fóònù dún.
"Ọ̀gá, gọ́tà Àlẹ̀kúwodò ti kún, omi ti ń wọlé àwọn èèyàn."
Mo wo ìyá mi. Kò tíì lè wò mí.
Mo fi nílọ́ọ̀nù bò ó lórí,
mo wá bàtà òjò mi.

Ọmọkùnrin kan dúró nínú omi tó dé orúnkún:
"Bàbá, kí ló wà ní irùngbọ̀n yín?"
"Ìyá mi ni," mo ní.
"Gbé ṣọ́bìrì yẹn fún mi."